Kí Písà Tó Jinná

Ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé ní Amẹ́ríkà láàárín 1978 sí 1985, tí wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ àti ìyá ọlọ́mọ báyìí, ní ìrántí kan tí ó pa wọ́n pọ̀: ẹ̀rọ géèmù gàgàrà tí ń gba owó ẹyọ, tí ó dúró sí kọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ. Ẹ bi wọ́n nípa géèmù náà, ẹ ó sì rí bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe yà. Wọn kì í pẹ́ lórí iye máàkì tí wọ́n gbà. Kíá ni wọn yóò ti bọ́ sórí òórùn wàràkàṣì tí ń yọ́ nínú ààrò, kápẹ́ẹ̀tì tí ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ife ẹlẹ́rìndòdò tí a gbé lé orí ẹ̀rọ, bàbá tí ń fọwọ́ wá owó ẹyọ nínú àpò ṣòkòtò, àti ọmọkùnrin àdúgbò kejì tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó mọ géèmù náà gbá ju gbogbo wọn lọ. Àwọn kan máa ń rò pé ẹni tó bá dáhùn báyìí ti yà kúrò lórí ohun tí a bi í. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí a bi í gan-an ni ó ń dáhùn. Ilé oúnjẹ ni ó sọ géèmù yẹn di mánigbàgbé. Ẹ̀rọ nìkan kò lè ṣe é. Bí a bá sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa léèrè nípa fóònù tí à ń kì bọ ọmọ lọ́wọ́ nídìí oúnjẹ lóde òní.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Ní 1972, Nolan Bushnell àti Ted Dabney dá ilé iṣẹ́ Atari sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California. Ẹ̀rọ tí ó gbé orúkọ wọn jáde ni Pong: ìlà funfun méjì lójú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń gbá àmì kékeré kan síra wọn bí ẹni ń gbá téníìsì orí tábìlì. Al Alcorn, ẹnjiníà wọn, ni ó ṣe é. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn yóò náwó sí i, wọn kò gbé e lọ sí ilé ìtajà ohun ìṣeré. Ilé ọtí kan ní ìlú Sunnyvale, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Andy Capp's Tavern, ni wọ́n gbé e lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Alcorn lọ wò ó. Ó ṣí i, kò rí ohun tó bàjẹ́: owó ẹyọ ni ó kún ibi tí owó ń bọ́ sí dé ẹnu, tí òmíràn kò fi lè wọlé mọ́. Ìtàn yìí ti di àtọwọ́dọ́wọ́ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn géèmù, ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà kíyè sí. Àwọn tí wọ́n kó owó yẹn sínú ẹ̀rọ kò torí géèmù kúrò nílé. Wọ́n ti jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ife wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣẹ́ńjì ọtí tí wọ́n rà wà nínú àpò wọn. Ibi tí ènìyàn ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu, ni géèmù ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọdé kò lè wọ ilé ọtí. Ìfura sí ẹ̀rọ eré tí ń gba owó ẹyọ sì ti pẹ́ ju Pong lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1942, Fiorello La Guardia, olórí ìlú New York, gbógun ti pinball, èyíinì ni eré tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù irin gbá lábẹ́ gíláàsì. Wọ́n fòfin dè é, àwọn ọlọ́pàá kó ẹ̀rọ rẹ̀ káàkiri ìlú, wọ́n sì fi òòlù fọ́ wọn. Ara ẹ̀sùn tí La Guardia fi kàn wọ́n ni pé owó oúnjẹ ọ̀sán tí òbí fi sápò ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń gbà mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé bí ọ̀tá ni oúnjẹ àti géèmù ṣe kọ́kọ́ pàdé lójú àwọn aláṣẹ: ẹ̀rọ ń jẹ owó, ọmọ ń fi ebi sùn. Ọdún 1976 ni New York tó ká òfin náà kúrò nílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù May 1977, Bushnell ṣí ilé oúnjẹ kan ní ìlú San Jose, ó sì so àwọn ọ̀tá méjì yìí pọ̀ bíi tọkọtaya. Pizza Time Theatre ni wọ́n pe ibẹ̀, ibi tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Chuck E. Cheese, orúkọ eku ńlá tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹranko onírin tí ń kọrin níbẹ̀.

Ìdí tí ó fi jẹ́ písà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fara sin sí. Bushnell kò yan písà nítorí adùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé písà kò ní èròjà púpọ̀, pé kò rọrùn fún alásè láti bà á jẹ́, àti pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró dè é kí ó tó jinná. Dídúró yẹn ni owó wà. Wọn yóò na ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi fẹ̀, wọn yóò fi ọbẹ̀ tòmátì pa á lójú, wọn yóò wọ́n wàràkàṣì lé e, wọn yóò tì í sínú ààrò, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ yóò sì máa wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ní búkà tiwa, bí ìyá olóúnjẹ bá ti bu àmàlà, tí ó da gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, ó parí, àfi ká bọwọ́ sí i. Géèmù kankan kò lè rí àyè wọlé láàárín ṣíbí ìbùbẹ̀ àti àwo. Ṣùgbọ́n nílé písà, àlàfo kan wà láàárín ìgbà tí a sanwó oúnjẹ àti ìgbà tí oúnjẹ dé. Ebi ń pa ọmọ nínú àlàfo yẹn. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Bàbá àti ìyá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Bushnell ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́ kan tí ń jẹ́ Lagoon ní ìpínlẹ̀ Utah nígbà tí ó wà ní yunifásítì, ó mọ ohun tí ènìyàn tí kò rí nǹkan ṣe lè fi owó àpò rẹ̀ ṣe. Ó kó ẹ̀rọ géèmù sínú àlàfo yẹn, ó sì rọ ẹyọ irin tirẹ̀, èyí tí kò ṣeé ná níbòmíràn, fún àwọn ọmọ láti máa kì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu.

Bí ẹnì kan bá ní ọgbọ́n ajé ọkùnrin kan ní California nìkan nìyí, kí ó gbójú wo Japan. Ní 1978, ilé iṣẹ́ Taito gbé Space Invaders jáde, géèmù tí Tomohiro Nishikado ṣe, nínú èyí tí ẹgbẹ́ ọ̀tá láti òfurufú ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà-ìlà, tí ìró kan sì ń lù kì, kì, kì, bí ọkàn ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ó ń yá sí i bí ọ̀tá ti ń dín kù. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò ga. Tábìlì ni wọ́n. Wọ́n dá ojú ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ gíláàsì, wọ́n fi bọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ilé kọfí káàkiri ìlú ní ipò tábìlì tí wọ́n ń jẹun lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oníbàárà á gbé kọfí rẹ̀ sórí gíláàsì, á máa yìnbọn lu ọ̀tá tí ń rìn lábẹ́ ife. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ dé Amẹ́ríkà náà. Èyí tí ó dára jù nínú ọgbọ́n rẹ̀ ni ti ẹni méjì tó bá jókòó kojú ara wọn: bí ó bá ti kan ẹni kejì, gbogbo àwòrán tó wà lójú ẹ̀rọ yóò yí orí padà sọ́dọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí a yí àwo ọbẹ̀ sí àlejò kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ẹran. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn mọ̀ pé ẹni méjì tó jókòó ti oúnjẹ ni àwọn ń ṣe é fún. Lẹ́yìn náà ni Pac-Man dé ní 1980, tí Toru Iwatani ti ilé iṣẹ́ Namco ṣe. Ó wá géèmù tí àwọn obìnrin àti tọkọtaya yóò lè gbádùn, kì í ṣe ti ìbọn. Ohun tí ó mú ni jíjẹ. Àmì yẹ́lò róbótó náà kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, ẹnu nìkan ni ó ní. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú bí àwọn ará Japan ṣe ń sín ìró ẹnu tí ń jẹun jẹ. Gbogbo ayé ló ti gbọ́ pé písà tí a ti yọ ègé kan nínú rẹ̀ ni Iwatani wò kí ó tó ya á. Òun fúnra rẹ̀ ní òótọ́ náà kò pé, pé lẹ́tà tí àwọn ará Japan fi ń kọ ẹnu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí ó wù kó jẹ́, písà tàbí ẹnu, inú oúnjẹ náà ni a ṣì wà.

Ṣùgbọ́n Chuck E. Cheese kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti gbá géèmù. Ilé písà kékeré tí ìdílé kan ń dá ṣe ni, tí ẹ̀rọ kan tàbí méjì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó kóòtù kọ́. Onílé oúnjẹ kì í sábà ra ẹ̀rọ náà. Àwọn oníṣòwò kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti gbé ẹ̀rọ kiri, wọ́n á gbé e síbí, wọ́n á gbé e sọ́hùn-ún, wọ́n á wá máa ṣí àpótí owó rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n á sì pín ohun tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú onílé oúnjẹ, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìdajì-ìdajì. Nítorí pé ẹ̀rọ kò pọ̀, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ tò. Òfin ìtò náà kò sí nínú ìwé kankan, síbẹ̀ kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó bá fẹ́ gbá tẹ̀ lé ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ yóò gbé owó ẹyọ 25 sẹ́ǹtì rẹ̀ lé etí gíláàsì. Owó yẹn ni ìjókòó rẹ̀. Ọmọ ọdún 8 lè fi ṣáájú ọmọ ọdún 15, kí ó sì rí i gbà, nítorí ojú gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀, ìyá ẹnì kan wà ní tábìlì kejì, onílé oúnjẹ wà lẹ́yìn káńtà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró ti ọpọ́n ayò rí mọ ohun tí mo ń sọ. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, ẹni méjì péré sì ni ń ta á, ṣùgbọ́n ta ni ó ti rí ayò tí ẹni méjì nìkan wà nídìí rẹ̀ tí ó dùn? Àwọn òǹwòran ni wọ́n ń yọ ọ̀pẹ lẹ́nu, tí wọ́n ń yin ọ̀ta, tí wọ́n ń rántí bí ó ti rí lánàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀ ilé písà. Ẹnì kan ń gbá, márùn-ún ń wò, àwọn tó ń wò ń kọ́ ọ̀nà tí Pac-Man gbà bọ́ lọ́wọ́ àwọn iwin tí ń lé e láìná kọ́bọ̀.

Ohun kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn tí mo kà sí ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọ kan bá gba máàkì tó ga nínú Asteroids, géèmù tí Atari gbé jáde ní 1979, ẹ̀rọ yóò ní kí ó fi lẹ́tà mẹ́ta kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré. Yóò rí orúkọ rẹ̀ tí ó ń tàn lójú ẹ̀rọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì rí i. Ṣùgbọ́n Asteroids kò ní ibi tí ó lè tọ́jú orúkọ sí bí iná bá kú. Nígbà tí onílé oúnjẹ bá pa iná lálẹ́, tí ó ti ilẹ̀kùn, gbogbo orúkọ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn; bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbá a rí. Níbo wá ni àkọsílẹ̀ akọni yẹn wà? Ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó rí i ni ó lè sọ pé lágbájá gbá a dé ibi báyìí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ kò rántí ẹnikẹ́ni. Ilé oúnjẹ ni ó ń rántí. Ẹ tún fi ti òórùn kún un. Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti fi yé wa pé ohun tí a fi imú gbọ́ ń kọjá tààrà sí ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ìrántí àti ìmọ̀lára sí, kò kọ́kọ́ yà síbòmíràn bí ohun tí a fojú rí ti máa ń yà. Ìdí nìyí tí òórùn ìyẹ̀fun tó ń jóná díẹ̀ létí fi lè gbé àgbàlagbà ẹni 50 ọdún padà síwájú ẹ̀rọ géèmù Donkey Kong, tí àwòrán Donkey Kong kan náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé kò sì ní í gbé e dé ibì kankan.

Mo mọ̀ pé àwọn olùgbọ́ kan ti ń mi orí báyìí, wọ́n ń sọ pé pańpẹ́ ni mo ń yìn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbésọnù. Ẹni tó bá ronú pé kí ebi máa pa ọmọ kí ó lè rí owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, oníṣòwò ni, kì í ṣe olùtọ́jú ọmọ. Wọ́n dìídì ṣe géèmù wọ̀nyẹn kí ó le, kí ọmọ má baà pẹ́ lórí owó kan. Ní Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rù tó gba ìlú kan lọ́dún 1982 kò kéré. Ìlú Marshfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts fòfin de ẹ̀rọ géèmù tí ń gba owó ẹyọ pátápátá lọ́dún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí òfin yẹn ní 1983. Dókítà C. Everett Koop, tí ó jẹ́ dókítà àgbà fún ìjọba àpapọ̀, sọ ní oṣù November 1982 pé géèmù lè ṣe ewu fún àwọn ọmọ, pé ó ti di bárakú fún wọn tara-tọkàn. Kò pẹ́ tí ó fi jáde padà láti sọ pé èrò ara òun ni, kò sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbà pé pańpẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí pańpẹ́ náà ṣe gùn tó. Ó ní òpin mẹ́ta. Owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ ni òpin kìn-ín-ní: bí ẹyọ mẹ́rin bá tán, ó tán, àfi kí ó padà lọ bẹ bàbá, bàbá sì lè sọ pé rárá. Ìtò ni òpin kejì, nítorí owó ẹlòmíràn ti wà létí gíláàsì. Òpin kẹta ni ó wù mí jù: písà yóò jinná. Wọn yóò pe orúkọ ìdílé náà láti ibi káńtà, ìyá yóò juwọ́, ọmọ yóò sì fi géèmù sílẹ̀ nítorí pé ohun tó dára jù ú lọ ti dé sórí tábìlì. Oníṣòwò ni ó dẹ pańpẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí i.

Àtakò kejì ni pé ìrántí máa ń fi oyin sí ohun tó ti kọjá. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú, mo sì lè fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn fún ẹni tó sọ ọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tan ọ̀rọ̀ kan kálẹ̀ pé àwọn ará Japan fi owó ẹyọ 100 yẹ́ẹ̀nì gbá Space Invaders tó bẹ́ẹ̀ tí owó ẹyọ fi wọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn tó dùn ún sọ lásán ni. Nítorí náà, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé adùn ìgbà èwe máa ń ga sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Gbogbo ọmọ kọ́ ni ó sì rí 25 sẹ́ǹtì ná. Àwọn kan kò tilẹ̀ lè wọ ilé oúnjẹ. Àwọn ibì kan wà tí àwọn ọmọkùnrin ńlá ti ń lé ọmọbìnrin sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé adùn nìkan ni mo ń gbèjà, ibi tí ọ̀rọ̀ mi yóò ti wó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wò ni irú nǹkan tí ìrántí náà mú dání. Oyin lè mú kí ènìyàn sọ pé písà náà dùn ju bí ó ti dùn lọ. Kò lè dá tábìlì tí àwòrán rẹ̀ ń yí orí padà sílẹ̀. Kò lè dá owó ẹyọ tí a gbé sí etí gíláàsì sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ náà ṣì wà, a lè fọwọ́ kàn wọ́n ní The Strong, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé eré tó wà ní ìlú Rochester ní New York, ẹni tó bá sì wò wọ́n dáadáa yóò rí i pé ènìyàn méjì, ife, àti ìdúródè ni a ṣe wọ́n fún.

Àtakò kẹta ni ti àwọn ọ̀dọ́, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ní: bàbá, lónìí ọmọ tó wà ní Ìbàdàn ń bá ọmọ tó wà ní Brazil gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kí ni ẹ̀rọ kọ̀rọ̀ ilé písà ní tí èyí kò ní? Èmi náà mọ̀ pé ìbárẹ́ tòótọ́ wà níbẹ̀. Mo tún mọ ṣọ́ọ̀bù géèmù tiwa, níbi tí àwọn ọmọ ti ń san owó ìdíje kọ̀ọ̀kan lórí PlayStation, tí ẹni tó bá borí yóò jókòó, tí ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò dìde, tí ariwo ibẹ̀ sì ń dé títì. Ìdúró-tò àti òǹwòran wà níbẹ̀, kò yàtọ̀ sí ti ilé písà àfi pé kò sí òbí, kò sí oúnjẹ ìdílé. N kò bá ìyẹn jà. Ohun tí ọ̀rọ̀ mi dojú kọ ni ohun tí à ń rí ní ilé oúnjẹ ní Lagos, ní London, ní Houston lónìí. Ìdílé kan wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, kí omi tó dé, fóònù ti wà lọ́wọ́ ọmọ kí ó má baà da àgbà láàmú. Ní 1982, géèmù ń gbé ọmọ dìde kúrò lórí àga lọ sáàárín àwọn ẹlòmíràn, ó sì ń dá a padà sídìí oúnjẹ. Ní báyìí, ọmọ wà lórí àga, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kò sí nídìí oúnjẹ, kò sì sí láàárín ẹnikẹ́ni tí a lè rí. Oúnjẹ dé, géèmù kò dúró. Kò sí owó tó tán, kò sí ẹni tó ń tò lẹ́yìn. Àwọn òpin mẹ́ta tí mo kà lẹ́ẹ̀kan ti lọ, a kò sì fi ohun kan rọ́pò wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibi ni ó ṣe pàtàkì tàbí ẹ̀rọ, kí ó wo ohun tí àwọn tó sọ ẹ̀rọ náà nù ṣe nígbà tí wọ́n dàgbà. Géèmù ilé kò wọ́n wọn. Gbogbo Pac-Man ayé yìí lè wọ inú fóònù kan. Síbẹ̀, ní 2004, wọ́n ṣí Barcade ní Brooklyn, ilé ọtí tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sí, irú rẹ̀ sì ti pọ̀ ní ìlú ńlá láti ìgbà náà. Àwọn àgbàlagbà ń sanwó kí wọ́n lè dúró, kí ife wà lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn máa wò wọ́n. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn, ó sì dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé inú ilé ọtí ni géèmù tún padà sí, bíi ti Andy Capp's ní 1972, a sì tún ti ọmọdé mọ́ ìta. Ilé písà tí ó ti gba ọmọdé wọlé náà kò dúró gbọin: Pizza Time Theatre wọko gbèsè ní 1984, ShowBiz Pizza Place tó jẹ́ orogún rẹ̀ sì gbà á, Chuck E. Cheese sì tún wá ààbò ilé ẹjọ́ lórí gbèsè ní June 2020, nígbà tí kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ, kí wọ́n tó rí i gbé dìde. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè gba ẹ̀rọ. Kò lè gba ilé písà tí ìdílé kan ń ṣe ní igun títì, èyí tí ó ti di ilé ìfọṣọ tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Nítorí náà ni mo ṣe ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti òkè òkun, pàápàá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí tàbí tí wọ́n tọ́ sí Amẹ́ríkà tàbí ìlú Ọba láyé ìgbà yẹn. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ orúkọ ilé oúnjẹ náà, ẹ kọ orúkọ títì rẹ̀, ẹ kọ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ àti ibi tó dúró sí. Ẹ kọ ẹni tó fún yín lówó ẹyọ náà àti ohun tí wọ́n ń jẹ lórí tábìlì. Bí bàbá tàbí ìyá tó san owó písà ọjọ́ náà bá ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù lónìí, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn ń sọ níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin wà nídìí ẹ̀rọ.